Orí Mẹ́ta Tí Mo Dán Títí, Tí Mo Sì Yọ Dànù

Ọjọ́ kejì tí mo parí ẹ̀dà àkọ́kọ́ ìwé ìtàn àròsọ mi ni mo ti ṣí orí kìíní padà, mo ní àtúnṣe ti yá. Ìwé náà ní orí 31, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì lé ní 94,000. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi jókòó ti orí mẹ́ta àkọ́kọ́. Màá pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́, màá fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, tó bá di ọjọ́ kẹta màá tún dá ti àkọ́kọ́ padà. Ìgbà 17 ni mo yí gbólóhùn tó ṣí ìwé padà. Nígbà tí mo wá ka gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó hàn gbangba pé inú orí kẹrin ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀. Orí mẹ́ta tó ṣáájú kàn ń ro ìtàn ìgbà èwe olú ẹ̀dá ìtàn fún òǹkàwé ni, kí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀ sí i. Mo yọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀rọ̀ 8,600 bá a lọ, oṣù mẹ́ta mi náà bá a lọ.

Ó dùn mí wọra. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn kò dára. Wọ́n dára, ìdí nìyẹn tó fi pẹ́ kí n tó gbà pé kò sí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ohun tí èèyàn bá ti fọwọ́ ra títí kì í rọrùn láti jù nù. Ewu tó wà nínú kí á bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe láti orí gbólóhùn nìyẹn: ohun tó yẹ kó kúrò á di ohun ọ̀wọ́n lójú ẹni tó kọ ọ́.

Àtúnṣe gbólóhùn máa ń fani mọ́ra nítorí pé èrè rẹ̀ kì í pẹ́. O yí ọ̀rọ̀ kan padà, ó dùn létí, ó dà bíi pé iṣẹ́ ń lọ. Àtúnṣe àhunpọ̀ ìtàn, ìyẹn bí ìṣẹ̀lẹ̀ inú rẹ̀ ṣe so kọ́ra, kò rí bẹ́ẹ̀. O lè fi ọ̀sẹ̀ kan ronú lórí ìdí tí ẹ̀dá ìtàn kan fi padà sílé, kó má sì sí ìlà kan ṣoṣo tí o lè nawọ́ sí pé o kọ. Síbẹ̀, ẹni tí kò tíì mọ̀ bóyá ògiri kan máa dúró kì í kùn ún lọ́dà.

Bí mo ṣe ń tò ó báyìí nìyí: àhunpọ̀ ìtàn ló ń ṣáájú, ìran kọ̀ọ̀kan tẹ̀lé e, gbólóhùn ló kàn, àkọtọ́ àti àmì ohùn ló kẹ́yìn. Mo máa ń la ìwé já lẹ́ẹ̀kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìgbà míì lẹ́ẹ̀mejì. Bí mo bá rí gbólóhùn tó wọ́ nígbà tí mò ń ṣiṣẹ́ lórí àhunpọ̀, màá fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, màá sì kọjá lọ. Mi ò ní tún un ṣe. Ó máa ń ṣe mí bíi kí n tún un ṣe, ọwọ́ á máa yún mi, ṣùgbọ́n mo ti mọ ibi tí ìyẹn ń gbé èèyàn lọ.

Kí àtúnṣe tó bẹ̀rẹ̀ rárá, gbé ìwé náà sí kọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó kéré tán. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ìwé tán kì í ka ohun tó wà lójú ewé, ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ló ń kà. Ó mọ̀ pé inú ń bí obìnrin inú ìtàn, nítorí náà á rí ìbínú níbi tí kò ti kọ ọ̀rọ̀ kan nípa rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo kọ́kọ́ fi gbìyànjú rẹ̀, kò tó: mo ṣì ń rántí ìlà tó ń bọ̀ kí ojú mi tó dé ibẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ keje mo kan ìran kan tí mo ti gbàgbé pé mo kọ, mo sì bi ara mi pé, “Kí ni ọkùnrin yìí wá ṣe níbí?” Ojú òǹkàwé ni mo fi béèrè ìbéèrè yẹn. Ìgbà náà ni ìwé tó tó tún ṣe.

Ọ̀rọ̀ àsìkò ló wá fìyà jẹ mí jù. Nígbà tí mò ń kọ ẹ̀dà àkọ́kọ́, iye ọ̀rọ̀ ni mo fi ń mọ̀ pé mo ṣiṣẹ́: 1,000 lóòjọ́, mo ti bọ́. Nígbà tí àtúnṣe dé, òṣùwọ̀n yẹn dojú dé. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá dára jù, ìwé á fi ọ̀rọ̀ 700 dín, ọkàn mi á sì máa sọ fún mi pé mi ò ṣe nǹkan kan. Mo wá gbé ètò ńlá kan kalẹ̀: aago mẹ́rin ìdájí, wákàtí mẹ́ta, ọjọ́ méjèèje ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo lè tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ kẹwàá mo sùn kọjá àsìkò. Ní ọjọ́ kọkànlá ojú ń tì mí láti ṣí fáìlì. Ọjọ́ 24 kọjá kí n tó tún fojú kàn án.

Ọjọ́ tó dára jù ni mo fi ṣe òṣùwọ̀n, ibi tí mo ti ṣìnà nìyẹn. Ètò tó máa tọ́jọ́, ọjọ́ tó burú jù nínú ọ̀sẹ̀ la fi ń wọ̀n ọ́n. Mo bi ara mi pé: lọ́jọ́ tó rẹ̀ mí tẹnutẹnu, tí orí ń fọ́ mi, tí iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ti gba gbogbo agbára mi, ìṣẹ́jú mélòó ni mo ṣì lè jókòó? Ìdáhùn òtítọ́ ni 25. Mo mú 25 náà, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá ṣẹnuure mo lè jókòó fún wákàtí kan àbọ̀, ṣùgbọ́n 25 ni gbèsè mi. Bí mo bá ti san án, ọkàn mi balẹ̀. Ẹni tó bá rò pé ó kéré, kó ṣírò rẹ̀: ìṣẹ́jú 125 lọ́sẹ̀, bí ọ̀sẹ̀ 50 bá kọjá, ó ti lé ní wákàtí 104. Ètò ìdájí mi, wákàtí 27 péré ló mú wá kó tó wó.

Mi ò ka ọ̀rọ̀ mọ́ nígbà àtúnṣe. Ìran ni mò ń kà, tàbí ìṣẹ́jú. Bí ọjọ́ kan bá fò, ó ti fò nìyẹn, mi ò kì í san án padà, nítorí pé ẹni tó bá jẹ ìṣẹ́jú 50 lọ́la á jẹ 75 lọ́tùn-únla, á sì sá fún gbogbo rẹ̀. Òfin kan ṣoṣo tí mo dè mọ́ ọn ni pé ọjọ́ méjì tó tẹ̀ léra kò gbọdọ̀ fò.

Fóònù máa ń wà ní yàrá míì, kì í ṣe pé mo dojú rẹ̀ dé orí tábìlì. Bí mo bá dé ibi tí mo ní láti wádìí nǹkan, bí i bí ìró irú ìbọn kan ṣe rí tàbí bí wọ́n ṣe ń rán ojú ọgbẹ́, màá tẹ àmì ## síbẹ̀, màá sì máa bá tèmi lọ. Àmì yẹn kì í jẹ yọ nínú ìtàn, nítorí náà kọ̀ǹpútà á wá gbogbo rẹ̀ jáde fún mi lọ́jọ́ kan, màá sì ṣe ìwádìí wọn pa pọ̀. Kí n tó mọ èyí, ìṣẹ́jú méjì tí mo bá ní mo fẹ́ fi wo íntánẹ́ẹ̀tì ló máa ń jẹ àkókò náà tán.

Mo ní ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́. Ìlà kan fún ọjọ́ kan: aago tí mo jókòó, aago tí mo dìde, ohun tí mo ṣe, ohun tí màá kọ́kọ́ ṣe tí mo bá padà dé. Ẹ wo ọ̀kan nínú wọn: “5:40 sí 6:10. Ìran 22, mo yọ àlá rẹ̀. Lọ́la: ta ló ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn? Ìran 23 ní ó wà ní ṣíṣí.” Ìlàjì tó kẹ́yìn yẹn ló wúlò jù. Ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ ló máa ń lé òǹkọ̀wé dìde, nígbà tí kò mọ ibi tí ó ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bí ìbéèrè kan bá ti ń dúró dè ọ́ láti àná, o ò ní wá ibi tí wàá ti wọlé. Ọpọlọ á sì ti máa yí i wò láàárín òru, èyí ti ṣe mí láǹfààní lọ́pọ̀ ìgbà.

Ohun kan wà tó pẹ́ kí n tó mọ̀. Mo ṣe àtúnṣe nìkan fún oṣù márùn-ún láìkọ ohun tuntun kankan. Nígbà tí mo wá nílò ìran tuntun kan tí yóò so orí 14 mọ́ 15, mi ò lè kọ ọ́. Ìlà kan ò tíì parí kí ojú tó ń wá àṣìṣe tó dá a lẹ́bi. Iṣẹ́ méjèèjì kò lo ọkàn kan náà: ẹni tó ń kọ ní láti gba ohun tó bá wá láyè, ẹni tó ń tún un ṣe ní láti máa ṣiyèméjì. Láti ìgbà náà, ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń ṣe àtúnṣe lọ́sẹ̀, ọjọ́ karùn-ún ni mo fi ń kọ ohun tí kò ní í ṣe pẹ̀lú ìwé náà rárá, tí mi ò sì ní tún kà títí oṣù á fi parí.

Ó yá, kíkà àkọ́kọ́. Tẹ ìwé náà jáde lórí bébà, kí àyè ìlà kan wà láàárín ìlà méjì, kí etí ìwé fẹ̀ tó ìka mẹ́ta. Bí kò bá sí bí o ṣe lè tẹ̀ ẹ́, yí irú lẹ́tà rẹ̀ padà, sọ ojú ewé di tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti ìwé tí wọ́n ti dì. Ojú tó ti mọ́ àwòrán kan kì í rí àṣìṣe inú rẹ̀. Kà á tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bí o bá fi oṣù kan kà á, o ò ní mọ̀ pé ohun tí o sọ ní orí 6 lo tún sọ ní orí 20.

Àmì mẹ́rin péré ni mò ń lò. Àmì ìbéèrè fún ibi tí nǹkan ò ti yé mi. Àmì èèlà fún ibi tí mi ò gbà gbọ́ pé ẹ̀dá ìtàn yìí lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlà wíwọ́ bíi ti ejò fún ibi tí ojú mi ti fò kọjá láìjẹ́ pé mo rán an níṣẹ́. Ọ̀kan tó kù wà fún ibi tó dùn mọ́ mi, kí n má baà bà á jẹ́ níwájú. Ẹ fiyè sí ìlà wíwọ́ yẹn. Bí ẹni tó kọ ìwé bá fò ó, òǹkàwé á sùn níbẹ̀. Nínú ìwé mi, ojú ewé mẹ́rin ní orí 9 ni mo fò tán kí n tó mọ̀ pé mò ń fò.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo to ìran. Mo fa ìlà sí ìwé ńlá kan, ìran kan sórí ìlà kan: nọ́ńbà rẹ̀, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ọjọ́ wo, ojú ta la fi ń wò ó, kí ni ẹni náà ń fẹ́, kí ló dí i lọ́wọ́, kí ló ti yàtọ̀ nígbà tí ìran fi parí. Ìwé mi ní ìran 68. Ó gba ọ̀sẹ̀ méjì àbọ̀ láti to gbogbo rẹ̀, ó sì sú mi. Kò sí ọ̀sẹ̀ méjì àbọ̀ tó ṣe ìwé náà lóore tó bẹ́ẹ̀. Nínú wọn, ìran mọ́kànlá ni kò ní nǹkan kan nínú àpótí tó kẹ́yìn: wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n parí, kò sí ohun tó yí padà. Mo yọ mẹ́fà. Mo pín ohun tó wúlò nínú mẹ́rin sínú àwọn ìran míì.

Ọ̀kan tó kù ni mi ò fẹ́ kó lọ. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ń ká aṣọ ìyá wọn tó ti kú sínú àpótí, wọ́n ń rántí rẹ̀. Ó kan mí lọ́kàn, ṣùgbọ́n bí a bá yọ ọ́, ìtàn ò ní mọ̀. Ohun tó gbà á là kò ju ìlà méjì lọ. Àbúrò ti ọwọ́ bọ àpò aṣọ kan, ó kan kọ́kọ́rọ́ kan tí kò rí rí, ó sì tì í bọ ìgbátí aṣọ rẹ̀ láìsọ fún ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ kò yí padà rárá. Ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ lọ, gbogbo ẹ̀rín àbúrò ti ní ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, ìran mẹ́ta tó tẹ̀ lé e sì rí ìdí tí wọ́n fi wà.

Lára ohun tí ìtò náà ń fi hàn ni bí ìran kan ṣe so mọ́ èkejì. Ka ìran méjì tó tẹ̀ léra, kí o wá ọ̀rọ̀ tó so wọ́n pọ̀. Bó bá jẹ́ “nítorí náà” tàbí “ṣùgbọ́n,” ìtàn ń rìn. Bó bá jẹ́ “lẹ́yìn náà” nìkan, tí ó sì ń rí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta léra, nǹkan kàn ń ṣẹlẹ̀ ni, ọ̀kan ò bí èkejì.

Fi kàlẹ́ńdà gidi ti ọdún kan ṣe ọjọ́ inú ìtàn rẹ, kódà bí ìwé rẹ ò bá dárúkọ ọdún. Mi ò ṣe é, mo sì kàbùkù. Nínú ẹ̀dà kejì, òṣùpá àrànmọ́jú yọ lálẹ́ tí olè wọlé, ó tún yọ lálẹ́ ìgbéyàwó tó jẹ́ ọjọ́ 11 lẹ́yìn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ọjọ́ 29 àbọ̀ ni òṣùpá fi ń padà sí bó ṣe wà. Obìnrin kan sì wà tó sọ pé òun lóyún ní orí 5. Nígbà tí mo ka àwọn ọ̀sẹ̀ tí mo ti mẹ́nu bà kó tó bímọ, oṣù 13 ni.

Orúkọ náà ní ìṣòro tirẹ̀. Mo ní Adéwálé, Adéwùmí àti Adébísí nínú ìwé kan náà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ṣe pàtàkì. Èmi mọ̀ wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, òǹkàwé ò mọ̀ wọ́n. Ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ ni ojú máa ń mú kó tó sáré kọjá. Kọ gbogbo orúkọ inú ìwé sílẹ̀ ní ìtò a, b, d, kí o wo iye tó wà lábẹ́ lẹ́tà kan. Bí o bá fẹ́ yí orúkọ padà, má ṣe jẹ́ kí kọ̀ǹpútà yí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní kó fi Kúnlé rọ́pò Adé níbi gbogbo, Adébísí di Kúnlébísí, ọba inú orí 12 sì dé Kúnlé sórí. Jẹ́ kó máa bi ọ́ léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí ìran bá ti dúró, ó tó àkókò kí ojú ẹlòmíràn rí i. Ẹni márùn-ún ni mo fún, wọ́n sì jẹ́ ẹni tó ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn mi kò wúlò níbí, nítorí ohùn mi ni yóò máa gbọ́. Mo fún wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Mi ò bi wọ́n bóyá ó dùn. Mo ní kí wọ́n sọ ibi tí wọ́n ti gbé ìwé sílẹ̀ lọ sùn, ibi tí wọ́n ti ní láti padà sẹ́yìn kí ọ̀rọ̀ tó yé wọn, ẹni tí wọ́n gbàgbé nínú àwọn ẹ̀dá ìtàn, àti ohun tí wọ́n rò pé ó máa ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n dé ìdajì ìwé. Ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn nìkan tó ọ̀pọ̀ nǹkan.

Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, gbẹ́nu dákẹ́. Mo kọ́kọ́ ń ṣàlàyé fún ẹni àkọ́kọ́, “Rárá, ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé…,” kò sì sọ nǹkan míì tó wúlò fún mi mọ́. Ìwọ ò ní sí níbẹ̀ láti ṣàlàyé fún ẹni tó bá ra ìwé. Bí mẹ́ta nínú márùn-ún bá tọ́ka sí ibì kan, nǹkan wà níbẹ̀, kódà bí ẹjọ́ wọn ò bá dọ́gba. Gba ibi tí wọ́n ní ó ń dùn wọ́n gbọ́, ṣùgbọ́n fúnra rẹ ni kí o wá oògùn rẹ̀. Mẹ́rin sọ fún mi pé ìparí ìwé yá jù, kí n fà á gùn. Mo fi ọjọ́ mélòó kan fà á gùn, ó burú sí i. Orí 19 ni àìsàn náà wà: mi ò jẹ́ kó hàn níbẹ̀ pé obìnrin náà ti mọ ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́. Mo fi ojú ewé méjì kún orí 19, mo dá ìparí padà sí bó ṣe wà, ẹni méjì tí mo fún ní ẹ̀dà tó tẹ̀ lé e kò sì sọ pé ó yá jù. Ẹ má ṣe fún gbogbo èèyàn yín lẹ́ẹ̀kan náà o. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni èèyàn lè ka ìwé fún ìgbà àkọ́kọ́.

Gbólóhùn ló kàn báyìí, iṣẹ́ tí mo ti fi ìwàǹwára bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Kà á sókè. Fi fóònù gba ohùn ara rẹ, orí kan lẹ́ẹ̀kan, kí o wá máa gbọ́ ọ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Níbi tí ahọ́n rẹ ti kọsẹ̀, gbólóhùn ló ní àrùn, kì í ṣe ahọ́n. Kí o sì jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ka àwọn ọ̀rọ̀ tí o fẹ́ràn jù fún ọ. Tèmi ni “bẹ̀rẹ̀ sí í”: ìgbà 214. “Mí kanlẹ̀”: ìgbà 46, bí ẹni pé gbogbo wọn ló ní ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ẹ wo bí ibì kan ṣe rí nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́:

“Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ síbi fèrèsé. Inú ń bí i gan-an. Ó mí kanlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìta. ‘Mi ò lọ mọ́,’ ó fi ìbínú sọ bẹ́ẹ̀.”

Bó ṣe wà nínú ẹ̀dà kẹrin nìyí:

“Ó rìn lọ síbi fèrèsé, ó yọ ìkọ́ rẹ̀, ó tún fi í há. ‘Mi ò lọ mọ́.’”

Ìbínú wà nínú ìkọ́ fèrèsé yẹn. Níbi tí ọwọ́ ẹ̀dá ìtàn bá ti ṣe nǹkan kan, orúkọ ohun tó ń ṣe é lọ́kàn lè kúrò. Àmọ́ má yọ “bẹ̀rẹ̀ sí í” níbi tí nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́ tí wọ́n sì dá a dúró. 37 ló kù nínú ìwé mi, wọ́n sì tọ́ síbẹ̀.

Nínú ìsọ̀rọ̀ǹgbèsì, fi ọwọ́ bo orúkọ àwọn tó ń sọ̀rọ̀ kí o wò ó bóyá o ṣì lè dá wọn mọ̀. Èmi ò lè dá wọn mọ̀. Gbogbo wọn ló ń pòwe, ọmọ ọdún 16 ń pòwe bí àgbà, olè ń pòwe kó tó fọ́lé. Èmi òǹkọ̀wé ni mo fẹ́ràn òwe, wọ́n wá ń fi ẹnu mi sọ̀rọ̀. Mo gba òwe lẹ́nu gbogbo wọn àyàfi bàbá àgbà kan, mo sì fi ọ̀kan ṣoṣo sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, èyí tó pa lọ́jọ́ ìsìnkú bàbá náà. Kò sí ẹni tó ka ibẹ̀ tí kò sọ ọ́ fún mi.

Àmì ohùn ló kẹ́yìn nítorí pé ẹni tó bá fi sí gbogbo ìran 68, ó ti fi sí èyí tí yóò yọ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n má fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ dọjọ́ ìkẹyìn. Mo kọ “ọkọ” àti “ọkọ̀” láìfi àmì ohùn sí wọn nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́, nígbà tí oṣù mẹ́fà sì kọjá, mi ò mọ̀ mọ́ bóyá ọkọ obìnrin náà ló ń dúró dè é níta tàbí ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá lè dà rú, fi àmì sí i lójú ẹsẹ̀.

Ìṣòro míì wà níbẹ̀ tí ojú ò lè rí. Kọ̀ǹpútà lè kọ “ẹ́” ní ọ̀nà tó ju ọ̀kan lọ: àwọn kan á lo ẹ tó ti ní àmì abẹ́ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó fi àmì òkè sí i, àwọn míì á bẹ̀rẹ̀ láti e lásán, wọ́n á wá to àmì méjèèjì lé e. Lójú wa ọ̀kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, ó lè jẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí náà tí o bá ní kó wá “ẹ̀kọ́,” ó lè mú 12 jáde kó fi 30 sílẹ̀. Kíbọọ̀dù méjì ni mo lò, ọ̀kan lórí fóònù, ọ̀kan lórí kọ̀ǹpútà, mo sì ro pé mo ti tún gbogbo ọ̀rọ̀ kan ṣe nígbà tí mi ò ṣe ìdajì rẹ̀. Kíbọọ̀dù kan ni kí o fi kọ ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ó bá ti bọ́, mú ọ̀rọ̀ kan láti inú orí kìíní àti ọ̀kan náà láti inú orí tó kẹ́yìn, fi ọ̀kan wá èkejì. Bí kò bá rí i, o ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Kí o sì ní ojú ewé kan tí o kọ gbogbo ìpinnu rẹ sí: “nǹkan” ni àbí “nkan,” “kò sí” ni àbí “kòsí,” ilé aláwọ̀ ewé ni àbí aláwọ̀ ojú ọ̀run. Ti ilé yẹn, mo pàdánù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Fáìlì ńkọ́? Mo ti kọ orí 12 tuntun lé orí 12 àtijọ́ rí, kí n tó mọ̀ pé àtijọ́ ló dára. Láti ìgbà náà, bí mo bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe tuntun, màá ṣe ẹ̀dà fáìlì náà, màá fi ọjọ́ sí orúkọ rẹ̀. Ẹ̀dà mẹ́ta ló ń wà: ọ̀kan lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀kan lórí fláàṣì, ọ̀kan tí mo fi ránṣẹ́ sí ímeèlì ara mi lọ́jọ́ Ẹtì. Fáìlì kan tún wà fún àgékù. Ohun gbogbo tí mo bá yọ, ibẹ̀ ló ń lọ. Mi ò mú ju ìlà mẹ́ta lọ padà láti inú rẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí pé ó wà níbẹ̀ ni mo fi ní ìgboyà láti gé.

Bí mo ṣe mọ̀ pé ó tó nìyí. Ìwé àkọsílẹ̀ mi ló sọ fún mi. Ní ọjọ́ Ajé mo kọ pé mo yọ àmì ìdánudúró kan ní ìran 40. Ní ọjọ́bọ̀ mo kọ pé mo dá a padà. Mo wo ọ̀sẹ̀ méjì tó ṣáájú, irú rẹ̀ mẹ́rin ni mo rí. Mi ò tún ìwé náà ṣe mọ́ nígbà yẹn, mo kàn ń bẹ̀rù àtifi í sílẹ̀ ni. Mo fún ẹnì kan tó mọ àkọtọ́ dáadáa, tí kò tíì ka ìwé náà rí. Ó rí àṣìṣe 23. Mo tún un ṣe láàárín ọjọ́ méjì, ìṣẹ́jú 25 lóòjọ́, láìfọwọ́ kan ohunkóhun míì, mo sì fi ránṣẹ́.